Nígbà tí Rélùwéè Ìrọ̀lẹ́ Bá Wọ Mọ́níyà

Àwọn onímíkírà, ìyẹn àwọn onítáksí Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé rélùwéè ti fẹ́ dé. Àwọn tó wá pàdé ẹbí wọn lẹ́nu géètì ṣì ń wo aago, ọmọbìnrin oní-POS ṣì ń ka owó lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà kan tó ti gbórí lé sítíárì látọ̀sán á kàn ṣàdédé jókòó dáadáa, á fi aṣọ inùjú nu iwájú, á ní, "Ó ti ń bọ̀ o." Ẹ ó dẹtí títí kí ẹ tó gbọ́ fèrè. Aago méje alẹ́ kò jìnnà mọ́ nígbà náà, oòrùn ti ń rọ̀ lọ sápá Ìsẹ́yìn, àwọn alágbàdo sísun sì ti ń fẹ́ná.

Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà lára ilé ńlá ibùdó rélùwéè Mọ́níyà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn yìí, kìlómítà 157, orúkọ àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n sì fi sọ àwọn ibùdó rẹ̀. Ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ti Omi-Àdìó ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ojúlé Akíntọ́lá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá rántí ìjà àwọn méjèèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ yóò mọ ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Rélùwéè tí àwọn òyìnbó mú wọ Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ ló ń já èrò sí. Bí èèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti bọ́ sínú ọjà nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó láti gbé e dé ibi púpọ̀. Ti ìsinsìnyí parí sí Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lẹ́yìn odi ìlú pátápátá. Ẹni tó ń lọ sí Mókọ́lá, Mọ̀nátàn tàbí Òkè-Àdó ṣì ní ìrìn níwájú. Láti Èkó dé Mọ́níyà, bíi wákàtí mẹ́ta péré ni, nínú ẹ̀rọ amúlétutù, lórí àga tó ní nọ́ńbà. Láti Mọ́níyà délé ni wàhálà wà, ìdí nìyẹn tí ẹnu géètì yìí fi dà bí ọjà nírú wákàtí yìí, tó jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Èrò tú jáde. Tẹ́lẹ̀, ariwo kò ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Wàyí, gbogbo ẹnu ló là lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òjóò, Yunifásítì, Sáńgo! Ó ku ẹnì kan!"

Ẹ bẹjú wo inú ọkọ̀ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ dírẹ́bà tó wá bá a jókòó kí ọkọ̀ má baà dá. Ará Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì pè é ní irọ́. Àlejò nìkan ló máa ń bínú.

Ìyá kan gbé báàgì Gáná-mọ́ọ́lọ méjì kalẹ̀ síwájú Míkírà kan. Ó fi ìdí ìborùn nu ọrùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, èló lẹ máa gbé mi dé Mọ̀nátàn? Dróọ̀pù ni o, èmi nìkan."

"Mọ́mì, ẹ wọlé ná."

"N ò ní wọlé ná. Èló ni?"

"Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wá."

Ìyá náà kò fèsì. Ó wo ọkọ̀ láti táyà dé òrùlé, ó tún wò ó padà láti òrùlé dé táyà. "Ṣé mo ní mo fẹ́ rà á ni?"

Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín, dírẹ́bà náà sì rín in. Ibẹ̀ ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Dírẹ́bà dárúkọ epo bẹntiróòlù. Ìyá ní epo kọ́ ló gbé òun wá láti Èkó. Dírẹ́bà ní ẹrù ńkọ́? Ìyá ní ẹrù òun kì í jẹun. Wọ́n dé ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó wá ku àdéhùn kan: dírẹ́bà lè gbé èrò kan sí i lójú ọ̀nà. Ìyá gbà, ó ní obìnrin ni kó jẹ́ o, ẹ̀yìn ni kó sì jókòó sí. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ọmọ.

Míkírà yìí fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò. Nissan kékeré ni, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìdílé oníwọ̀ntúnwọ̀nsì nílẹ̀ Yúróòpù. Ó wá dé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Datsun àtijọ́, ìlú sì wá di tirẹ̀. Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, dírẹ́bà ṣìkeje. Ẹni tó bá jókòó nítòsí jíà níwájú ti di alábàáṣiṣẹ́: gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá fẹ́ pààrọ̀ jíà ni yóò ní kó bá òun ká ẹsẹ̀ kò. Irin tí wọ́n fi ń yí gíláàsì wálẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tí mo wà nítòsí rẹ̀ ní fún ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbẹ́ bíréèkì ọwọ́ ló ń gbé. Bí ooru bá mú èrò ẹ̀yìn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní nǹkan yẹn," wọ́n á nà án sí i, á kì í bọ ihò, á yí i tẹ́rùn, á sì dá a padà bí ẹni dá ṣíbí ọlọ́ṣíbí padà. Ilẹ̀kùn òsì lẹ́yìn kò ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ á ké "Ó wà o!", dírẹ́bà á sì na ọwọ́ gba ojú fèrèsé tirẹ̀ yí lọ sẹ́yìn, á ṣí i fún un láìwo ibẹ̀.

Lódì kejì ọ̀nà, ariwo kò sí. Àwọn Corolla àti irú wọn ló wà níbẹ̀, wọn kò kun ọ̀dà táksí, fóònù wà lára ẹnu afẹ́fẹ́ kálukú, ẹlòmíràn tilẹ̀ ní méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí gbogbo ìlú ń pè ní Bolt nìyẹn, yálà Bolt ni wọ́n ń ṣe o tàbí òmíràn. Uber ló kọ́kọ́ dé Èkó ní 2014. Bolt, tó ń jẹ́ Taxify nígbà náà, tẹ̀ lé e ní 2016, ìṣe náà sì gòkè dé Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n fi polówó ara wọn fún wa ni pé ìdúnàádúrà ti parí: fóònù á dá iye, èrò á tẹ̀ ẹ́, dírẹ́bà á wá, kò sẹ́ni tí yóò gbé ohùn sókè.

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ kò tíì dúró ní Mọ́níyà nírọ̀lẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, ó tẹjú mọ́ fóònù. Ọkọ̀ kékeré inú máàpù ń pòyì lójú kan. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sí gbangba, gbogbo wa gbọ́.

"Hẹ́lò, ẹ káalẹ́ sà. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Bódìjà. Ó wà lórí fóònù yín."

"Ṣé káàṣì ni àbí káàdì?"

"Káàdì ni."

Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e. Ẹ fagi lé e ní tiyín, ká jọ máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣebí áàpù ti dá owó?"

"Áàpù ò ra epo, sà."

Ẹ̀yin ará, ibi tí dírẹ́bà ti ń sọ̀rọ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ogún sí wa. Mo ń rí ẹnu rẹ̀ bó ti ń yí nínú ọkọ̀. Ó ti rí oníbàárà rẹ̀ kó tó pè é. Òun àti onímíkírà ìṣáájú, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Tọ̀hún kàn ṣe tirẹ̀ ní gbangba, ó sì jẹ́ kí èèyàn rẹ́rìn-ín.

N kò lè dá dírẹ́bà yìí lẹ́bi tán. Iléeṣẹ́ tó ni áàpù ń yọ ìpín tirẹ̀ lára owó kọ̀ọ̀kan, ó lè tó ìdá ogún tàbí márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tó ni ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu sọ níbi ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba dá lé lítà epo kan kò tíì tó igba náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ré kọjá ẹgbẹ̀rún kan. Ní oṣù kẹfà 2023, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ààrẹ yẹn, AUATON, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ orí áàpù, pe ìdaṣẹ́sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ áàpù gbé owó ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì dín ìpín tiwọn kù. Nígbà tí owó orí fóònù kò bá tó, ẹnu ni wọ́n fi ń wá ìyókù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ ojú kejì rẹ̀. Dírẹ́bà kan ti gbà láti gbé mi rí níbí yìí, ó wá lọ páàkì sí kọ̀rọ̀, kò wá, kò sì sọ pé òun kò wá mọ́. Ó ń retí kí èmi fúnra mi fagi lé e, kí ẹ̀bi má baà jẹ́ tirẹ̀. Mo jókòó tì í. Nígbà tó rẹ àwa méjèèjì, Míkírà ni mo wọ̀ lọ sílé, mẹ́rin lẹ́yìn.

Ó tún ní áàpù kan tó jẹ́ pé ìdúnàádúrà gan-an ló gbé sórí fóònù: èrò á dá iye tirẹ̀, dírẹ́bà á dá tirẹ̀ padà. inDrive ni. Ìlú Yakutsk ní Siberia, níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn onítáksí ibẹ̀ gbówó lé àwọn èèyàn lórí nígbà tí òtútù le, tí ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí dá iye owó fúnra wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, inú mi dùn. Ó fi hàn pé ìyá Mọ̀nátàn ní ìbátan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS ni odì méjèèjì ti ń pàdé. Láti ìgbà tí owó tuntun di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni onímíkírà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tíránsífà, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fura sí i. Ọ̀gbẹ́ni kan ti fowó ránṣẹ́, ó gbé fóònù sókè kí dírẹ́bà rí i. Dírẹ́bà gbé tirẹ̀ sókè, kò rí nǹkan kan. "Kò tíì wọlé." "Wọ́n ti yọ ọ́ níbí." Búùtù wà ní títì, àpótí èrò wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló dá ẹjọ́ náà: kí dírẹ́bà wá fi fóònù tirẹ̀ pe báńkì, kí ọ̀gbẹ́ni jókòó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí owó wọlé, ó pariwo "Ó ti wọlé!" bí ẹni pé àpò tirẹ̀ ló bọ́ sí.

Òkùnkùn ti ṣú. Obìnrin kan tó dá wà wọ Corolla kan, ó sì kọ́kọ́ fi àlàyé ìrìn náà ránṣẹ́ sílé láti orí áàpù. Ohun tí Míkírà kò lè ṣe nìyẹn: orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nílé. Fún obìnrin, fún ọmọdé, fún ẹni tó gbówó dání lálẹ́, áàpù ni èmi yóò sọ pé kí wọ́n pè, bó tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà nínú agboolé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí ọ̀nà ti pin fún máàpù, kó wá onímíkírà tó dàgbà. Irú wọn kì í béèrè àdírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ní, "Ṣé lẹ́bàá ilé alájà mẹ́ta yẹn?", wọ́n á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn aláṣẹ rélùwéè. Ẹ gbé pátákó kan síbi tí èrò ń gbà jáde, kí ẹ kọ iye tí ọkọ̀ ń gbà dé Òjóò, Mókọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Mọ̀nátàn sí i gàdàgbà, kí ẹ sì máa tún un kọ nígbà tí epo bá wọ́n tàbí tó bá rọ̀. A óò ṣì máa dúnàá-dúrà. Àlejò tó ń ti Èkó bọ̀ yóò kàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni.