Ọ̀wẹ̀ Àwọn Oníkọ̀ǹpútà

Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára àgbẹ̀ kan lọ, a máa bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ yóò gbé ọkọ́ wọn wá, òun yóò sì pèsè oúnjẹ. Ti àáró le díẹ̀ ju èyí lọ: ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bá ro oko lónìí ti di ajigbèsè; ó di dandan kí ó bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn Haúsá pẹ̀lú, gayya ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn àṣà wọ̀nyí ti ń lọ sí ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ìpàdé àwọn tí ń lo Linux, ì báà ṣe ní Èkó tàbí ní ìlú òkèèrè, yóò rí i pé ọ̀wẹ̀ kò tíì kú. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ́pò ọkọ́.

Kí ni Linux? Òun ni ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ní ọdún 1983, Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè yẹ̀ wò, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè pín fún ẹlòmíràn. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ó fi òfin dáàbò bo òmìnira mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Linux, ó sì ní kí àwọn ẹlòmíràn sọ èrò wọn nípa rẹ̀. Ní 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ Stallman. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fi ọwọ́ kún un. Fóònù Android tí ó wà ní àpò olùkọ́, orí Linux ni ó ti ń ṣiṣẹ́; láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 sì ni kò ti sí ọ̀kan nínú 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù lọ láyé tí kò lò ó.

Ìtumọ̀ òmìnira yìí kò ṣòro. Ẹni tí ó ra ọbẹ̀ ní ilé olóúnjẹ lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i, nítorí olóúnjẹ kò sọ bí òun ti ṣe sè é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò tí à ń rà rí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí apá rẹ̀ kò ká owó wọn a sì máa lo ayédèrú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n ti fi aṣọ bò ó mọ́ igun yàrá, ojú pátákó ni àwọn ọmọ sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Òtítọ́ ni olùkọ́ ń kọ́ wọn nínú ìwé, ohun jíjí ni ó sì fi ń kọ́ wọn lórí tábìlì.

Ní ìpàdé àwọn oníkọ̀ǹpútà, a kì í wo ọjọ́ orí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ti òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹnìkan yóò dìde, yóò sọ ohun tí ó ṣe láìpẹ́, títí kan ibi tí ó ti kùnà. Àwọn yòókù yóò bi í léèrè, wọn yóò sì tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ aláìsàn wá yóò gbé e jáde. Ibi yìí ni ara ti máa ń ni olùkọ́ àgbà. Ẹni tí ó ti fi 20 ọdún dúró níwájú kíláàsì kì í fẹ́ kí ọmọ tí ó lè bí gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé, “N kò mọ̀ ọ́n.” Ṣùgbọ́n bí ó bá lè sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fa àga súnmọ́ ọn, yóò wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó, sà.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọmọ náà mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń ṣàlàyé ohun tí ó le fún ọmọ 40 tí ebi ń pa ní ọ̀sán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sí ẹni tí ó làágùn lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a rí àbùkù ńlá kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed nínú OpenSSL, ètò tí ń dáàbò bo àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbùkù náà ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé ni ó ń lo OpenSSL, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Gbogbo ayé bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn tí ó san àáró kò tó nǹkan.

Kí ni olùkọ́ lè fi san tirẹ̀? Ó lè kọ ibi tí ètò kan ti kọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tún un ṣe. Ó lè kọ ìwé ìlànà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè kà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni èdè. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá pinnu pé kò sí èrè nínú èdè kan, ètò tí ó bò mọ́lẹ̀ kò ní sọ èdè náà. Ètò tí a kò bò ńkọ́? Àwọn tí ń sọ Yorùbá, Haúsá, Igbo tàbí Tiv lè túmọ̀ rẹ̀ láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tí ó mọ àmì ohùn, tí kò ní kọ ọkọ̀ sí ipò ọkọ́. Inú yàrá àwọn olùkọ́ ni irú wọn wà.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá gbọ́ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú rẹ̀, kí ó lọ. Kí ó gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti dákẹ́ dání, kí ó sì mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì lẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ níbẹ̀, olùkọ́ mẹ́ta láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní ọ̀sán Sátidé. Abéèrè kì í ṣìnà. Ó sì dára kí àwọn ọmọ rí olùkọ́ wọn níbi tí ó ti ń béèrè.