Bí Dírágónì Bá Wà, Egungun Rẹ̀ Dà?

Ní ọdún 1913, ìjọba Jámánì rán ọ̀gágun von Stein zu Lausnitz lọ wo ilẹ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọdún méjì ṣáájú ni Faransé fa apá kan igbó Kóńgò lé Jámánì lọ́wọ́, ilẹ̀ náà sì di ara Kamẹrúùnù, tí Jámánì ti ń ṣàkóso láti ìgbà tí ọba Akwa àti ọba Bell ti tọwọ́ bọ̀wé ní Douala lọ́dún 1884. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ̀gágun náà ni kó mọ bí odò ṣe ṣàn àti irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú ìròyìn tó kọ, ó mẹ́nu ba ẹranko kan tí àwọn afinimọ̀nà ń pè ní Mokele-mbembe. Ara rẹ̀ ń dán, ó tó erin tàbí, ó kéré tán, erinmi; ọrùn rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ le bí ti ọ̀nì. Wọ́n ní eyín kan ṣoṣo ló ní, eyín náà sì gùn púpọ̀. Àwọn mìíràn ní ìwo ni. Inú ihò tí omi gbẹ́ sí bèbè odò ló ń gbé. Ewéko ló ń jẹ, síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọn, ó máa ń pa gbogbo èrò inú rẹ̀ láìjẹ òkú wọn.

Von Stein kò rí ẹranko náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ.

Ogun bẹ́ lọ́dún 1914, Kamẹrúùnù bọ́ lọ́wọ́ Jámánì, ìròyìn náà kò sì di ìwé. Willy Ley, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló gbé apá kan rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan ti ń bi ara wọn bóyá dírágónì kan ṣì kù sínú àbàtà Àárín Áfíríkà. Roy Mackal, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní Yunifásítì Chicago, wá a lọ sí agbègbè Likouala ní Kóńgò lọ́dún 1980 àti 1981. Marcellin Agnagna, ọmọ Kóńgò, ní òun fojú ara òun rí i ní Adágún Tele lọ́dún 1983. Nígbà tó di ọdún 2000, àwọn awárí mìíràn ti yí ojú sí odò Boumba ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mú egungun kan bọ̀ nínú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará Jámánì lásìkò tí von Stein ń rìn nínú igbó. Ní 1908, wọ́n to àwòṣe egungun Diplodocus, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn, sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Berlin. Ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú egungun dáínósọ̀ ńláńlá ní Tendaguru, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Lásìkò kan náà ni Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko ní Hamburg, kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lè ṣì wà láàyè ní Áfíríkà. Ẹni tí etí rẹ̀ ti kún fún ọ̀rọ̀ báyìí, bí àgbà apẹja kan bá sọ fún un pé ohun kan wà lábẹ́ omi, ọrùn gígùn ni yóò kọ́kọ́ rò.

Dírágónì inú àwòrán ńkọ́? Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìyẹ́ méjì. Ẹ̀yà mẹ́fà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà mẹ́rin ni gbogbo ẹranko eléegun ẹ̀yìn tó ti gbé orí ilẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ ẹyẹ ló di ìyẹ́, ọwọ́ àdán náà sì nìyẹn. Quetzalcoatlus, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10 nígbà ayé dáínósọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fò. Ní ti iná, kòkòrò kan wà tó ń tú omi gbígbóná bí omi híhó jáde ní ìdí, ṣùgbọ́n kò tóbi ju èékánná lọ.

Egungun ni olórí ọ̀rọ̀. Ní ìlú Klagenfurt ní Ọ́stríà, ère dírágónì kan wà tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1590. Agbárí tí wọ́n wò gbẹ́ orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀: ti àgbáńréré onírun ni, irú èyí tó gbé Yúróòpù nígbà òtútù ńlá. Àwọn tó rí agbárí náà kò purọ́. Egungun ńlá wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, wọn ò mọ ẹni tó ni ín ni. Kamẹrúùnù náà ní tirẹ̀. Ní àfonífojì Koum, ní àríwá, ipa ẹsẹ̀ dáínósọ̀ wà lára òkúta tó ti ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ. Àwọn ẹranko wọ̀nyẹn rìn níbẹ̀, wọ́n sì ti tán ní mílíọ̀nù 66 ọdún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wa ọkọ̀ lórí odò Kóńgò.

Dírágónì tó ń fò náà ti ní ẹlẹ́rìí ní Kamẹrúùnù. Ivan Sanderson, ọmọ Scotland tó ń kó ẹranko jọ, wà ní òkè Assumbo lọ́dún 1932, ní apá tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ó yìnbọn fún àdán kan, ó sì wọ inú odò lọ mú un. Lójijì ni ohun dúdú kan já wá sí orí rẹ̀, ó tó idì, eyín rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó sọ ọ́ fún àwọn ọdẹ ibẹ̀, wọ́n sá lọ. Olitiau ni wọ́n pè é. Nínú igbó kan náà ni àdán olórí òòlù ń gbé, tí ìyẹ́ akọ rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan tàbí kó kù díẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì le lóru. Sanderson kì í ṣe òpùrọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, ọkàn ẹni tó wà nínú omi pẹ̀lú ẹ̀rù sì lè fi ìwọ̀n kún ohun tó rí.

Ṣùgbọ́n kí ni ká wá ṣe sí ẹ̀rí àwọn ará ibẹ̀? Ó rọrùn láti sọ pé ìtàn àlọ́ ni, kí a sì kọjá lọ. Àìtọ́ ni. Ẹni tó bá ti Douala lọ sí ìhà Nkongsamba yóò dé odò tí àkèré tó tóbi jù láyé ń gbé. Gígùn rẹ̀ lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì lè wúwo ju kílò 3 lọ. Ọdún 1906 ni Boulenger, onímọ̀ nípa ẹranko, fún un lórúkọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, àwọn tó ń gbé etí odò sì ti mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀ tipẹ́. Ní 2019, àwọn awádìí ará Jámánì àti Kamẹrúùnù tẹ̀ ẹ́ jáde pé àkèré yìí ń ti òkúta, òmíràn tó kílò 2, láti fi sé omi tó ń yé ẹyin sí. Ẹnu ọdẹ àkèré ni wọ́n ti gbọ́ díẹ̀ nínú bí akọ ṣe ń kọ́ ilé náà. Àwọn ọdẹ mọ iye tó ń tà lọ́jà, wọ́n mọ àsìkò tó ń jáde, wọ́n lè nawọ́ sí ihò rẹ̀.

Ní Douala fúnra rẹ̀, ohùn mìíràn wà. Lóṣù Kejìlá, àwọn Sawa, ará etí omi, máa ń péjọ sí etí odò Wouri fún ọdún Ngondo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún aráyé lọ́dún 2024. Ẹnì kan yóò gbé ohun ìrúbọ wọ inú omi lọ bá àwọn miengu, ẹ̀dá inú odò, yóò sì gòkè wá pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ìlú. Kò sí Sawa kan tó ní kí a ju àwọ̀n mú ọ̀kan nínú àwọn miengu wá. Ọmọ Yorùbá mọ èyí dáadáa: ọdẹ tó ń sọ ibi tí ẹfọ̀n gbà kọjá lánàá, tó tún wá ń sọ̀rọ̀ egbére tó gbé ẹní dání, ohùn rẹ̀ yí padà láàárín méjèèjì, ará ilé rẹ̀ sì gbọ́ ìyípadà náà. Àwọn ìran tó ń gbé Likouala ní ohùn méjèèjì pẹ̀lú. Àlejò tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ògbufọ̀ kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ó sì ṣeé ṣe kí ohùn méjèèjì ti pò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Mokele-mbembe. Ẹranko tó tó erin, tó ń jẹ ewéko, tó ń bínú, tó ní ìwo kan: àwọn tó ti yẹ ìtàn náà wò rò pé àgbáńréré lè wà nídìí rẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ rìn láti ilẹ̀ ọ̀dàn wọ inú igbó tí kò gbé. Èrò yìí lágbára ju ti dáínósọ̀ lọ, nítorí àgbáńréré wà ní Kamẹrúùnù lóòótọ́. Irú rẹ̀ tó dúdú, ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣì kù ní àríwá orílẹ̀-èdè náà ní ìparí ọ̀rúndún ogún, tí àwọn apẹran ń pa á nítorí ìwo. Nígbà tí àwọn kan ń náwó wá dírágónì ní odò Boumba lọ́dún 2000, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n wá a káàkiri ní 2006, wọn ò rí ìkankan. Ní ọdún 2011, àjọ IUCN kéde pé ó ti parẹ́ láyé, ìròyìn náà sì gba inú ìwé ìròyìn kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí àwọn kan ṣì ń wá dírágónì kiri.