Àbẹ̀kẹ́, Níbo Lo Wà?

A ti gun àtẹ̀gùn bí irinwó kọjá lórí Òkè Ìdànrè nígbà tí fóònù mi dún. Màmá mi ni. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni, òun náà wò mí. Mo dúró díẹ̀ kí èémí mi lè wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbé e.

"Àbẹ̀kẹ́, níbo lo wà?"

"Ilé ìkàwé ni mo wà, mà."

"Kí ló dé tó o wá ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?"

"Àtẹ̀gùn ni mo ń gùn, mà. Òkè pátápátá ni wọ́n kó ìwé tí mò ń wá sí."

Irọ́ yẹn dùn mọ́ wa débi pé a jókòó sílẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣé àtẹ̀gùn kọ́ ni mo ń gùn lóòótọ́? Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni ni mo máa ń pe olólùfẹ́ mi. Kíláàsì kan náà la wà, ẹ̀kọ́ Yorùbá la jọ ń kọ́ ní Ifẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì, a ṣàkíyèsí pé ibi mẹ́ta péré la ti máa ń rí ara wa: ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, àti abẹ́ igi kan tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń wo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó sú wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé nípa àwọn ibi tí a kò tíì dé rí là ń kà. Olùkọ́ á dárúkọ odò kan, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó yege nínú ìdánwò, síbẹ̀ a kò ní mọ bí ariwo omi náà ṣe ń dún létí. Bí "Sátidé tiwa" ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òfin mẹ́ta la fi ṣe é. Ìkíní, a kò gbọdọ̀ sùn síta: ìdájí la ó lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú la ó padà dé. Ìkejì, kálukú ló máa san owó ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí èmi àti òun láti ilé kò ju ara wọn lọ. Ìkẹta, a kò ní ya fọ́tò kankan títí a ó fi fi ojú ara wa wo ibi tí a dé dáadáa. Òfin kẹrin wà tí a kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n: ẹnikẹ́ni nílé kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ibi àkọ́kọ́ kò jìnnà rárá. Òpá Ọ̀rànmíyàn la lọ wò, nínú Ifẹ̀ níbí. Òkúta náà ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Èmi tí mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa Ọ̀rànmíyàn nínú ìdánwò, nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn padà, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà nìkan la náwó lé lórí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. A rí àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Austria ni ìyá náà, Àdùnní Olórìṣà làwọn ènìyàn ń pè é, ọdún 2009 ló sì kú. Ọ̀bọ kan já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni, ó sì gun orí igi lọ jẹ ẹ́ níṣojú wa. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán, a jókòó sí etí odò. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú fún mi. A ti ń bá ara wa bọ̀ fún ọdún kan gbáko, kò sọ ọ́ rí. Ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹnìkan á máa kọjá, ẹnìkan á máa kí wa, fóònù á máa dún. Létí odò yẹn, omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bá a ti ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, a lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ láti orí òkè. Ìpele méje ni omi náà ní. Nígbà tí a dé ìpele kejì, ẹ̀rù bà mí, mo ní n kò lọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni ní ojo ni mí. Mo bínú, mo jókòó sórí àpáta, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dá lọ díẹ̀, ó tún padà wá. Ó ní omi tí òun nìkan bá lọ wò kò ní adùn. A jẹ móínmóín tí a gbé lọ níbẹ̀, a sì gbà pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò yá ẹsẹ̀ ni yóò máa pinnu ibi tí a ó rìn dé.

Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, màmá mi a máa pè mí lọ́sàn-án Sátidé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà gbogbo náà ni mo máa ń wà ní "ilé ìkàwé". Àbúrò mi ló sọ fún mi pé màmá wa máa ń fi mí yangàn lójú àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọmọ òun kì í fi Sátidé ṣeré. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi àti ọkùnrin kan wà létí omi? Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ wá kan Ìdànrè. Ọ̀nà rẹ̀ ló jìn jù nínú gbogbo ibi tí a ti lọ. A wọkọ̀ ní ìdájí láti Ifẹ̀, a gba Iléṣà kọjá dé Àkúrẹ́, a sì wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìlú náà ni àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn oko kòkó, dúdú, ràgàjì, bí erin tó dùbúlẹ̀. A san owó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fún wa ní ọkùnrin kan tí yóò máa fi ọ̀nà hàn wá.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó mumi. Orí ọ̀kan nínú wọn la wà nígbà tí màmá mi pè, tí mo pa irọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a dé òkè, ìlú odindi la bá níbẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO tẹ́wọ́ gbà. A tún rí ojú ẹsẹ̀ kan lára òkúta. Ìtàn sọ pé ẹsẹ̀ tó wù kó jẹ́, ńlá tàbí kékeré, ó máa ń bá a mu. Mo ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó bá mi mu wẹ́kú.

Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló yí. Òjò wínníwínní kan ti rọ̀ sórí àpáta. Mo fẹ́ tẹ orí òkúta kan kọjá omi kékeré kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì gbọ́ ohun tó dún "kàù" ní ọrùn ẹsẹ̀ mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti wú bí búrẹ́dì. Gígùn tí a gun òkè náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ̀ tí a sọ̀. Ọ̀gbẹ́ni di apá kan mú, afinimọ̀nà di èkejì mú. Níbì kan, ìdí ni mo fi ń wọ́ láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn, tí mò ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá kan tó ń ta omi nísàlẹ̀ fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, ó sì ya aṣọ kan dì í. Bó ṣe ń dì í ló bi mí léèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn ará ilé yín mọ̀ pé ẹ wà níbí?" Mo wo Ọ̀gbẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni wo ilẹ̀.

Nígbà tí a fi máa dé gáréèjì ní Àkúrẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Ọkọ̀ Ifẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, èrò méjì ló wà nínú rẹ̀, awakọ̀ sì ní bí kò bá kún, òun kò ní gbéra lálẹ́. Ẹ mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí nísinsìnyí, ẹni tó lórí pípé kì í fi òru wá ọ̀nà. Owó tó kù lọ́wọ́ wa kò lè gba yàrá kan, ká má tilẹ̀ sọ méjì. Àbúrò màmá mi ń gbé ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ni, n kò sì ní nọ́ńbà wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ló ní i.

Ọ̀gbẹ́ni ní ká sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ló kó wa wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ń ro mí, ìbéèrè ìyá olómi sì wà létí mi. Mo pe màmá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé káàdì mi ti tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ mi, kì í ṣe oríkì, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí mi.

"Ta ló wà pẹ̀lú ẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, mà."

"Gbé fóònù fún un."

Mo gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni. Níṣojú gbogbo èrò gáréèjì, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fóònù. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Títí di òní, kò tíì sọ ohun tí wọ́n bá a sọ fún mi. Láàárín wákàtí kan, ọkọ àbúrò màmá mi ti wá fi mọ́tò gbé wa. Èmi àti àwọn ọmọ wọn la jọ sùn. Àga pálọ̀ ni wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni sí, bàbá ilé sì jókòó tì í, ó ń wo bọ́ọ̀lù di ọ̀gànjọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé. Mo ti múra ìbínú sílẹ̀, mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọn ò sì pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Kì í ṣe pé o lọ ló dùn mí jù. Ká ní nǹkan kan ṣe ẹ́ lórí òkè yẹn, ilé ìkàwé ni mi ò bá lọ. Màá máa pariwo orúkọ ẹ níbi tí o kò sí."

Mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún lórí àtẹ̀gùn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ èyí láti sọ pé òtítọ́ tún gbogbo nǹkan ṣe lọ́jọ́ kan. Màmá mi kò tíì gba Ọ̀gbẹ́ni bí àna. "Ọmọkùnrin yẹn" ni wọ́n ṣì ń pè é. Òtítọ́ tilẹ̀ ti gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti sọ ibi tí a fẹ́ lọ fún wọn tí wọ́n ní, "Rárá, ọ̀nà yẹn kò dára báyìí," tí a sì jókòó sí abẹ́ igi àtijọ́ yẹn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n a ti sọ òfin kẹrin wa di òmíràn: kí a tó kúrò, ẹnìkan nílé èmi àti ẹnìkan nílé òun gbọ́dọ̀ mọ ibi tí à ń lọ, ọkọ̀ tí a wọ̀, àti ìgbà tí a ó dé. Ẹ fún ara yín ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé sọ fún ìyá, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n. Bí kò bá ṣeé sọ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ tí kò ní sùn títí ẹ ó fi dé. Ìfẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ tọ́jú lórí òkè kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ọ̀nà tí ẹ gbà.

Sátidé tó ń bọ̀, Ìkọ́gòsì ni, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Àná ni mo sọ fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ti san dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Nígbà wo lẹ máa kúrò níbẹ̀?"

Mo ní aago mẹ́ta.

Wọ́n ní, "Aago méjì, Àbẹ̀kẹ́."

Aago méjì náà ni.