Fótò Tí Ìyá Mi Ń Kà

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ fótò kà tó o nínú agboolé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún. Láyé ìgbà náà, kété lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, èmi ọmọ iléèwé ni mò ń bá àwọn ìyá àgbà kọ lẹ́tà. Àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká: òmíràn wà l'Ékòó, òmíràn ní Kùmásì, òmíràn ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì. Bí fótò bá bá lẹ́tà wá, fótò yẹn gan-an la máa ń fèsì sí. Lẹ́tà kì í ní ju "mo wà láàyè, mo kí gbogbo ilé" lọ.

Ìyá mi á nu ọwọ́ sí ìró, á mú fótò lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò ní fọhùn. Mo rántí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti Kùmásì: agbádá funfun, aago lọ́wọ́ òsì, rédíò lórí tábìlì kékeré. Ariwo ti sọ nílé pé ẹ̀gbọ́n mi ti là. Ìyá mi ní kí n mú gègé.

"Kọ ọ́ sí i pé mo rí i. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Agbádá yẹn kì í ṣe tirẹ̀, kò bá èjìká rẹ̀ mu. Ẹni tó ni ín sanra jù ú lọ. Bi í pé ta ló ń se oúnjẹ fún un."

Mo tún fótò náà wò. Òótọ́ ni, èjìká agbádá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Rédíò tí gbogbo wa ń yọ̀ sí, ìyá mi kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó padà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé onífótò ló ni agbádá, ló ni aago, ló ni rédíò. Rédíò ọ̀hún, pákó lásán ni.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn tó ń ya irú fótò bẹ́ẹ̀ ń tan ara wọn jẹ. Fótò yíyà ìgbà náà ní ìlànà. Àgbàlagbà á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó wádìí iṣẹ́ àwọn onífótò ìlú wa, kọ nípa ìjókòó yìí lọ́dún 1978. Ó kọ nípa fótò ìbejì pẹ̀lú, èyí tí èmi fojú ara mi rí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, onífótò á ya èyí tó kù sí ìdajì fíìmù, á tún gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á yà á sí ìdajì tó ṣẹ́ kù. Tí fótò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà kó tó jókòó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá ìbejì kan ní àdúgbò wa ní kí n kọ̀wé sẹ́yìn irú fótò bẹ́ẹ̀. Mo béèrè ohun tí n ó kọ. Ó fi ìka tọ́ ọ̀kan, ó ní, "Táyé nìyí." Ó tọ́ èkejì: "Kẹ́hìndé rèé." Kò ṣiyèméjì rárá. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, n kò fi ohunkóhun kún un.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ń da àwòrán sórí WhatsApp wàyí. Ọkàn pupa kan péré ni èsì tí wọ́n ń retí. Èmi náà ń fi ránṣẹ́, n kò fẹ́ ìjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo wo àwòrán tí ọmọ mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù bí ìyá mi ì bá ṣe wò ó, mo sì kọ̀wé sí i: "Mo rí i pé gbogbo yín wọ súwẹ́tà nínú ilé. Ṣé ẹ̀rọ amúlégbóná ti bàjẹ́ ni?" Kíá ló pè mí. Ó pẹ́ ká tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà, ẹ kó fótò inú àpótí jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má kánjú, ẹ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n ti yà á, àti ẹni tó ni aṣọ. Kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fótò. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò o. Yíǹkì bíírò máa ń ràn mọ́ ojú fótò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.