Yẹtí Láti Ara Èèpo Àgbọn

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọge, bí ẹ bá fọ́ àgbọn tán, ẹ má ṣe da èèpo rẹ̀ nù.

Ẹ mú èyí tí ó gbó dáadáa, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha irun ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi pẹ́ńsù ya bátànì sí i, kí ẹ sì fi ayùn wẹ́wẹ́ tí a fi ń gé irin gé e. Kò fẹ́ ìkánjú, nítorí ó máa ń sán. Pépà tí káfíńtà fi ń dán igi ni ẹ ó fi dán an. Ẹ fi aṣọ bo imú, eruku rẹ̀ kò dára. Ìṣó tí a fi iná mú pọ́n yóò lu ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fi àdín àgbọn pa á lára, yóò dúdú, yóò sì máa dán.

Ṣùgbọ́n ìkọ́ tí ń wọ inú etí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá sí kíláàsì pẹ̀lú etí tí ó wú, tí omi ń jáde lára rẹ̀. Yẹtí olówó pọ́ọ́kú ni ó fà á. Níkẹ́ẹ̀lì inú irin bẹ́ẹ̀ kì í bá ara ẹlòmíràn mu, bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí ayé. Nítorí rẹ̀ ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ṣòfin ní 1994. Fàdákà tí a lu 925 sí lára ni kí ẹ béèrè: 925 nínú ìdá 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Owó rẹ̀ ga, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkọ́ méjì péré ti tó; ẹ lè máa tú u láti ara yẹtí kan sí òmíràn.