Láti Ọ̀yìngbò dé Ọjúwòyè: Ìrìnàjò Ẹ̀wà

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yìí, mo gba Yábàá àti Ojúẹlẹ́gba dé Ọjúwòyè ní Múṣin, nítorí gbogbo ojú ọ̀nà yìí ni a ti ń wọn ẹ̀wà ní kóńgò. Ìbéèrè kan ni mo gbé dání: kí ló ń mú ebi pa abúlé tó ń bọ́ Èkó? Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù lọ láyé, Òkè Ọya sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n láti oko ni kòkòrò ti ń bá a. Àgbẹ̀ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á tà á lówó pọ́ọ́kú nígbà ìkórè. Bí ọ̀wọ́n bá dé, òun náà á wá rà á lọ́wọ́ alárobọ̀. Ẹlòmíràn á bu ọ̀tapiàpíà, oògùn apakòkòrò, sí i kó lè pẹ́ nílẹ̀. Tìtorí irú májèlé yìí ni àwọn ará Yúróòpù fi kọ ẹ̀wà wa ní 2015, tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì fòfin de ìgò rẹ̀ kéékèèké ní 2019.

Àwọn kan ń sọ pé orí kunkun ló ń bá àgbẹ̀ tó ń lo májèlé náà jà. N kò gbà. Ó rí i pé kòkòrò kú, ó sì gba ohun tójú rẹ̀ rí gbọ́. Ojú náà ló yẹ ká fi kọ́ ọ. Ẹ wo àpò PICS tí a fi ń tọ́jú ẹ̀wà: ó ní ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Bí a bá so ó pinpin, afẹ́fẹ́ á tán, kòkòrò á kú láìsí oògùn. Láti 2007 tí iṣẹ́ ìtànkálẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀wà sí i lábúlé, wọ́n á sì tú u lójú gbogbo èèyàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, ní ẹ̀ka ní Yábàá níbí. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ ẹlẹ́wà padà sóko.

Òótọ́ ni pé àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá lu, ó ṣeé tún lò. Àtakò tó le jù ni ti gbèsè: ẹni tí owó iléèwé ọmọ ń lé kò lè tọ́jú ẹ̀wà de ọ̀wọ́n, àpò yòówù tí ì báà ní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣèpàdé ní Súrùlérè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé yín lówó kí ìkórè tó dé.