Oúnjẹ kan, owó méjì
Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ so káàdì àwìn mọ́ áàpù tó ń ṣọ́ ìnáwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Ẹ fi káàdì ra oúnjẹ £60, áàpù kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù parí, ẹ san gbèsè £60 yẹn láti inú àkáǹtì yín, ó tún lè kà á sí ìnáwó mìíràn. Ó di £120! Ẹ sọ fún un pé owó kàn ṣípò ni.

Ti pé áàpù lè rí páswọ́ọ̀dù báǹkì yín kò bà mí lẹ́rù. Lábẹ́ Open Banking, ètò tó ń jẹ́ kí áàpù rí àkáǹtì yín, ọ̀dọ̀ báǹkì fúnra rẹ̀ lẹ ti ń fọwọ́ sí i. Ilé epo ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n lè kọ́kọ́ di owó gọbọi mú lórí káàdì yín kí iye epo gan-an tó jáde. Ẹni tó bá wo áàpù lásìkò yẹn á rò pé ẹ ra odindi táńkà.